Ẹkùn Tí Kò Jáde

Lọ́dún tí ìwé Zachariah Òkè jáde, ekukáká la fi lè rí ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ láti Ìgbó-Ọrà títí dé Ìdèrè. Tíṣà ni Zachariah. Ọmọ ìlú Tápà ni, ṣùgbọ́n Ìgbó-Ọrà ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jágbe mọ́ ọmọ ilé ìwé, kì í bá ará àdúgbò jà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, á gbé tábìlì kékeré kan lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, á máa kọ̀wé títí oòrùn á fi wọ̀. Rosaline ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a lé adìẹ kúrò lábẹ́ tábìlì. Bí Rosaline bá bi í pé kí ló ń kọ, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ìtàn ẹkùn ni."

Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Àwọn èèyàn ń fẹ́ ohun tí yóò gbé ọkàn wọn kúrò nínú ìròyìn tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ọdún mélòó kan wá. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé àwọn atẹ̀wé kan n'Íbàdàn ti gbà láti tẹ ìwé Tíṣà, àfi bí ẹni pé gbogbo ìlú ló jọ kọ ọ́. Àwọn tí kò mọ̀wé kà pàápàá ń kí Rosaline lọ́jà pé, "Ìyá Yẹ́misí, ẹ kú oríire o."

*Ẹkùn Etí Odò* ni orúkọ ìwé náà. Àwòrán iwájú rẹ̀ nìkan tó láti kó jìnnìjìnnì báni. Ẹkùn ńlá kan ya ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti eyín rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì nà gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti fò lọ. Ẹni tó bá rí i ò ní bèèrè iye rẹ̀ kó tó gbé e.

Ọ̀rẹ́ Tíṣà tímọ́tímọ́ ni Àkíbù Láwàl, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà. Òun ló kọ́kọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Àkíbù ka ìwé díẹ̀ kó tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ohùn rẹ̀ sì dùn. Lójoojúmọ́, bó bá ti kí ìrun alàásárì tán, á ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ka orí kan sókè fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà ò fi gba èrò mọ́. Mùínàt tó ń ta àkàrà lójúde ń gbàgbé epo sórí iná. Sàláúdéènì awakọ̀ lọ́rì a máa páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́bàá títì, àwọn tó kó ẹrù sínú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, àwọn náà á wá tẹ́tí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà dáa. Ní abúlé kan lẹ́bàá odò, ewúrẹ́ ń sọnù. Obìnrin kan lọ pọnmi, ó rí ojú ẹsẹ̀ ẹkùn nínú ẹrẹ̀, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú rẹ̀ ni, ó gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà dún. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìjọba, ìjọba sì rán Ìnsípẹ́kítọ̀ Gbénró wá pẹ̀lú ìbọn. Ọkùnrin náà wọ inú igbó. Igbó dákẹ́. Lójijì, ewé mì!

Ibẹ̀ ni orí kìíní parí sí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo. Wọ́n bẹ Àkíbù kó kà sí i, ó kọ̀, ó ní òun ní aṣọ ọkọ ìyàwó tí òun fẹ́ rán.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tètè dé. Àkíbù ṣí orí kejì. Ewé tó mì, òkété ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Tíṣà gbọ́n, ó ń fa ọkàn àwọn ni. Ṣùgbọ́n ní ìparí orí kejì, ewé tún mì, ní orí kẹta ó di obìnrin tó ń ṣẹ́gi. Lẹ́yìn náà ó di afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún di òkété. Ìnsípẹ́kítọ̀ Gbénró ń rìn kiri, ó ń nu ìbọn, ó ń rántí ọmọbìnrin kan tó ń fẹ́ n'Íbàdàn. Nígbà tí ìwé fi kù díẹ̀ kó tán, àwọn olùgbọ́ kò pariwo mọ́, ńṣe ni wọ́n sún mọ́ra wọn, wọ́n ní ó di dandan kí ẹkùn jáde báyìí. Àkíbù kà á dópin. Ìnsípẹ́kítọ̀ bá ẹkùn náà lábẹ́ igi àràbà, ó ti kú. Ogbó ló pa á. Ìnsípẹ́kítọ̀ padà sí Ìbàdàn, ó sì gbéyàwó.

"Ṣé ó tán ni?" Mùínàt bèèrè.

Àkíbù yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ojú ewé kan lẹ̀ mọ́ ọn. "Ó tán."

"Ẹkùn dà?" ni Sàláúdéènì wí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́rì ló bá Sàláúdéènì gbé e kiri. Bí ẹnìkan bá ṣe ìlérí tí kò mú un ṣẹ, wọ́n á ní, "Ẹkùn dà?" Wọ́n ri páìpù omi mọ́lẹ̀ ní àdúgbò kan, omi ò yọ, àwọn obìnrin gbé garawa dúró ti ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Ẹkùn dà?" Ọkọ ìyàwó kan pẹ́ kó tó dé ibi ìgbéyàwó tirẹ̀, àwọn ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn bákan náà. Kì í ṣe ìkórìíra. Ó kàn dùn lẹ́nu ni.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò gbọ́ ni Tíṣà. Bó bá ti ń kọjá, wọ́n á dìde, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìwé yín dùn!" Inú rẹ̀ á dùn, á bọ́ fìlà, á dúpẹ́.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan tó lọ gba ṣòkòtò tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Àkíbù ní kó jókòó díẹ̀ kí òun fi bọ́tìnnì sí i. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló jókòó sí, ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ò lè rí i. Bí Sàláúdéènì ṣe wọlé nìyẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Àkíbù! O ní kí n wá lánàá, mo wá. O ní kí n wá lónìí, mo dé. Bùbá mi ńkọ́? Ẹkùn dà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbí òkété ló tún fẹ́ jáde sí mi?"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Sàláúdéènì wo ojú Àkíbù, ó yíjú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rí Tíṣà. Ọkùnrin gìrìwò náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àkísà aṣọ.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Ẹ dìde," ni Zachariah wí. "Ẹ dìde, kò tó bẹ́ẹ̀." Òun náà dìde. Kò dúró gba ṣòkòtò.

Nílé, Rosaline ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Zachariah jókòó tì í.

"Ìyá Yẹ́misí, ìwọ náà ka ìwé mi."

"Mo kà á."

"Ṣé ó dùn?"

Rosaline mú òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó tún mú òmíràn. "Èdè rẹ̀ dùn gan-an," ló wí.

Zachariah mi orí. Ó ti jẹ́ tíṣà pẹ́, òun náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ òbí nípa ọmọ wọn. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó kó àwọn ìwé tí àwọn atẹ̀wé fún un sínú àpótí, ó ti àpótí náà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tábìlì abẹ́ igi máńgòrò wà níbẹ̀, òjò rọ̀ sórí rẹ̀, kò gbé e wọlé. Bó bá ti ń jáde nílé ìwé, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà, kó má baà kọjá lọ́jà. Rosaline gbìyànjú láti mú un sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí nǹkan.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Àkíbù ti mọ́sáláṣí wá tààrà. Ó gbé ṣòkòtò náà lọ́wọ́, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá pálọ̀, ó jókòó, ó gbé ṣòkòtò náà lé orúnkún.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni," ló wí nígbà tó yá. "Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ kìíní."

"Ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni? Ẹkùn ò sí níbẹ̀."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní o ò mọ̀ ọ́n kọ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ibi tí obìnrin yẹn ti rí ojú ẹsẹ̀ létí omi, tó rọra sọ ìkòkò kalẹ̀, ńṣe ni mo bojú wẹ̀yìn nígbà tí mò ń kà á. Ẹni tó lè kọ ìyẹn lè kọ ẹkùn. Kí ló dé tó jẹ́ òkété lò ń gbé jáde sí wa?"

Zachariah wojú fèrèsé.

"Ẹkùn ló pa bàbá mi."

Àkíbù ti bá a ṣọ̀rẹ́ tipẹ́. Ó ti rò pé àìsàn ló pa ọkùnrin náà. "Lá iláhà ilà Láhù," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mo ṣì kéré púpọ̀. Mo wà lórí ẹní nínú yàrá, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn púpọ̀ ní àgbàlá. Obìnrin kan figbe ta, wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pe orúkọ ẹran náà nílé wa mọ́. Bó bá di dandan, 'ẹran yẹn' ni wọ́n ń wí. Màmá mi ò sọ fún mi, èmi náà ò bèèrè. Mo wá rò ó pé bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, tí ọlọ́pàá yìnbọn fún un, tó ṣubú lulẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀." Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó. "Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi tó yẹ kó ti fò jáde, ọwọ́ yìí kì í lọ mọ́. Mi ò mọ bó ṣe fò mọ́ bàbá mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó ké. Òkété ni mo máa ń kọ, kí n lè rí ibi gbà kọjá."

Rosaline ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà díẹ̀, abọ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé omi fún àlejò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú.

"Màmá nìkan ló lè sọ ọ́ fún ọ," ni Àkíbù wí. "Lọ́la Sátidé, mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni màá gbé ọ lọ."

Wọ́n gbéra láàárọ̀ lórí alùpùpù Àkíbù. Wọ́n kọjá Ìdèrè, wọ́n kọjá Ayétẹ̀, eruku pupa bo ẹsẹ̀ wọn títí dé orúnkún. Àwọn tó ń lọ oko ń juwọ́ sí wọn. Ní Tápà, wọ́n bá Ìbílọlá, ìyá Zachariah, níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀. Ó fi oríkì kí ọmọ rẹ̀, ó fún wọn lómi, ó bèèrè àlàáfíà Rosaline àti ti Yẹ́misí. Ó ń wo ojú Zachariah bó ti ń bèèrè.

"Àjàní, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Màmá. A ní ká wá kí yín ni."

Ó bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. "Wọ́n ní o kọ̀wé."

"Mo kọ ọ́ mà."

"Wọ́n ní ti ẹran yẹn ni."

Adìẹ kan wá sídìí igbá ẹ̀gúsí, ìyá náà lé e. "Ṣé o mú un dání?"

Zachariah fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí báàgì láti mú búrẹ́dì tí Rosaline di fún ìyá rẹ̀, ìwé náà ló wà lókè. Rosaline ló fi síbẹ̀.

"Kà á fún mi," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó kà á. Nígbà tó dé ibi tí ewé ti mì, ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró, ẹ̀gúsí kan há sáàárín ìka rẹ̀. Kò mí. Zachariah rí i, ẹ̀rù bà á, ó sáré ka orí tó tẹ̀ lé e. Òkété ni. Ìyá náà mí, ó ju ẹ̀gúsí sínú igbá. Nígbà tí ewé tún mì, ó di etí ìró rẹ̀ mú. Nígbà tó di obìnrin aṣẹ́gi, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àkíbù jókòó sórí ògiri kúkúrú, ó ń wo ìyá náà, kò wo ìwé. Ibi tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni obìnrin àgbà yìí ti ń rí ààyè mí. Ojú tì í fún ẹ̀rín tó ti rín.

Oòrùn ti yí nígbà tí ìwé náà tán.

"Ó kú fúnra rẹ̀?" ni ìyá náà bèèrè.

"Ogbó ló pa á mà."

"Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni?"

"Àfi ewúrẹ́."

Ìbílọlá fi ìró nu ojú rẹ̀. "O ṣeun," ló wí. "O ṣeun tí o kò jẹ́ kó jáde. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún mi, pé ọmọ mi fẹ́ mú un jáde, pé gbogbo ayé fẹ́ máa kà á. Ìwé yìí dáa."

Láti ọjọ́ tí Zachariah ti gbọ́ àwàdà náà, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó yìn ín tí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

"Màmá," ló wí nígbà tó yá, "báwo ló ṣe rí, lọ́jọ́ náà?"

Ìyá náà gbé igbá kúrò lẹ́sẹ̀. Ó ti ń retí ìbéèrè náà láti bí ọgbọ̀n ọdún.

"Bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé ni bàbá rẹ lọ gé. Àkànó ọkọ mi ò fẹ́ kí òjò bá wa nínú ilé tó ń jò. Àwọn ọdẹ ti yìnbọn fún ẹran náà lọ́nà Ìgàngán, wọn ò pa á, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri, ó wá sá pamọ́ sínú bẹẹrẹ yẹn. Kò wá bàbá rẹ wá. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀, ó ń gé koríko lọ, títí ó fi gé e dé ibi tó sùn sí. Àwọn méjèèjì ni ẹ̀rù jọ bà. Wọ́n gbé e délé, ó ṣì mọ̀ mí. Kò ké. O mọ ohun tó bi mí?"

"Rárá mà."

"Ó ní, 'Ṣé ara Àjàní ti tutù?' Ibà ń ṣe ọ́ nígbà náà, ara rẹ gbóná bí ààrò. Ó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu kí bàbá rẹ tó kúrò nílé. Mo ní ó ti tutù."

"Ṣé ó ti tutù ni?"

"Kò tíì tutù. Ṣùgbọ́n mo ní ó ti tutù. Ó ní, 'Ó dáa.' Kò tún sọ nǹkan mìíràn."

Tíṣà gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Àkíbù dìde, ó lọ síbi alùpùpù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tí kò dọ̀tí.

"O ò bèèrè rí," ni ìyá náà ń wí, ó ń fọwọ́ pa á lórí. "Mo ní bóyá o ti gbàgbé. Mi ò fẹ́ rán ọ létí."

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ."

"Kí ni mi ò ní fẹ́ gbọ́? Ọkọ mi ni. Ó wù mí kí n máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Wọ́n jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó padà. Nígbà tí wọ́n dé Ìgbó-Ọrà, Àkíbù ní, "Ohun tí mo gbọ́ lónìí, inú mi ni yóò wà." Ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Nígbà tí Sàláúdéènì tún fẹ́ fi ìwé náà ṣàwàdà nínú ṣọ́ọ̀bù, Àkíbù kàn wò ó, awakọ̀ náà sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn bọ ẹnu. Èyí ò pa àwàdà náà run. Títí dòní, àwọn àgbààgbà kan ṣì ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò mọ ibi tó ti wá mọ́. Ìwé náà ò tà púpọ̀, àwọn atẹ̀wé ò sì bèèrè òmíràn. Ó dun Zachariah, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́. Ó ń gba ọjà kọjá, ó ń kí èèyàn, ó ń dúró ra àkàrà lọ́wọ́ Mùínàt.

Ó gbé tábìlì rẹ̀ wọlé, ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tí òjò ti bà jẹ́. Kò padà sórí ẹkùn. Ìtàn Àkànó ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ọkùnrin tó ń gé bẹẹrẹ, tó ń ṣàníyàn nípa ibà ọmọ. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, á kó Rosaline àti Yẹ́misí lọ sí Tápà, á ka èyí tó ti kọ fún ìyá rẹ̀.

Ní Kérésìmesì ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn jókòó síwájú ilé. Zachariah ń ka bí Àkànó ṣe rìn láti Tápà dé Ayétẹ̀ láti wá fẹ́ Ìbílọlá, ó ru iṣu fún àwọn àna rẹ̀, ó ń yan fanda bí akọni.

"Irọ́!" ni ìyá náà ké. "Ta ló sọ ìyẹn fún ọ? Iṣu bàbá ta ni? Adìẹ ló gbé wá. Adìẹ náà sì já mọ́ ọn lọ́wọ́ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lé e kiri àgbàlá wa, fìlà rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò aró!"

Rosaline rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Yẹ́misí dìde, ó ń sáré kiri bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ìyá àgbà náà ń nu omi ẹ̀rín lójú. Zachariah fa ìlà gba orí iṣu kọjá, ó kọ adìẹ, ó sì bi ìyá rẹ̀ pé àwọ̀ wo ni adìẹ náà.